Kọ́kọ́rọ́ ààbò: Ìdí tí àmì mẹ́jọ kò fi tó láti dá ẹni tó ni ín mọ̀

Ní Anoumabo, ní Marcory nílùú Abidjan, àdúgbò tí ayẹyẹ orin FEMUA sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ni olú iléeṣẹ́ ARTCI wà. Àjọ yìí ló ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Côte d'Ivoire, òun náà sì ni òfin ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 2013 gbé ààbò ìsọfúnni aráàlú lé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ààbò yìí tí òfin kò lè báni ṣe: mímọ̀ dájú pé ẹni tí a ti lẹ́tà pa fún ni yóò ṣí i.

Ká ní oníṣòwò kan, ọmọ Èjìgbò tó ń gbé ní Marcory, fẹ́ fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́ sí agbẹjọ́rò rẹ̀ ní Èkó. Bí wọ́n bá ń lo PGP, ètò tí Phil Zimmermann gbé jáde lọ́dún 1991, kọ́kọ́rọ́ méjì ni agbẹjọ́rò náà ní. Ẹnikẹ́ni lè fi ti gbangba ti ìwé pa. Ti ìkọ̀kọ̀ nìkan ló lè ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ gbangba kọ̀ọ̀kan ní ìtẹ̀ka tirẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ àmì 40, nọ́ńbà àti lẹ́tà pọ̀ mọ́ra. Nítorí pé ó gùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ ọ́ di àṣà láti máa lo mẹ́jọ tó kẹ́yìn nìkan.

Ibẹ̀ ni ewu wà. Àmì mẹ́jọ kò lè ju oríṣi 4,294,967,296 lọ. Iye yìí pọ̀ lójú ènìyàn, kò tó nǹkan lójú kọ̀ǹpútà. Lọ́dún 2014, Richard Klafter àti Eric Swanson fi hàn pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré tó láti ṣe kọ́kọ́rọ́ tí àmì mẹ́jọ ìparí rẹ̀ bá ti ẹlòmíràn mu. Wọ́n ṣe irú ayédèrú bẹ́ẹ̀ tó ju 20,000 lọ, láti fi ṣe ìkìlọ̀. Ní 2016, ẹnìkan kó wọn lọ sórí àwọn ibùdó tí aráyé ti ń wá kọ́kọ́rọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó ń jẹ́ orúkọ Linus Torvalds, olùdásílẹ̀ Linux, wà nínú wọn. Àwọn tó ṣe ìkìlọ̀ náà ló padà fagi lé wọn. Irú ibùdó bẹ́ẹ̀ kì í wádìí ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ wá. Orúkọ tó bá kọ sí i náà ni yóò máa jẹ́.

Oníṣòwò Marcory lè tipa báyìí rí kọ́kọ́rọ́ méjì, orúkọ kan náà, àmì mẹ́jọ kan náà. Bó bá mú ayédèrú, agbẹjọ́rò kò ní rí ìwé náà ṣí, ẹni tó lúgọ sójú ọ̀nà ni yóò kà á.

Àmì 16 ṣòro láti yí ju mẹ́jọ lọ fíìfíì, àmọ́ kò sí ìdí láti dúró síbẹ̀. Ètò GnuPG ti òde òní ń fi gbogbo 40 hàn. Kí oníṣòwò náà pe agbẹjọ́rò tó mọ ohùn rẹ̀, kí wọ́n sì jọ ka gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. WhatsApp náà ní nọ́ńbà ààbò 60 fún ìtàkùrọ̀sọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjì tó wà lójú kan náà lè fi fóònù ya àwòrán àmì rẹ̀ lára fóònù ara wọn dípò kíkà á.