Wíwọn iyì làálàá nínú eré ìdárayá

Wíwọn iyì làálàá ni ìgbìyànjú láti mọ bí ènìyàn ṣe fẹ́ràn tàbí kórìíra kí ara rẹ̀ ṣe wàhálà nígbà tó bá ń sáré, tó ń wa kẹ̀kẹ́ tàbí tó ń gbé irin. Ohun tí wọ́n ti ń wọ̀n tipẹ́ kì í ṣe iyì rárá, bí iṣẹ́ ṣe le tó lára ni. Gunnar Borg ará Sweden ló gbé òṣùwọ̀n tó gbajúmọ̀ jù fún un jáde láàárín àwọn ọdún 1960, láti 6 dé 20. Nọ́ńbà wọ̀nyí lè ya ènìyàn lẹ́nu, àmọ́ wọ́n nídìí: ìlọ́po mẹ́wàá 6 ni 60, tó sún mọ́ iye ìgbà tí ọkàn àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ ń lù ní ìṣẹ́jú kan, ti 20 jẹ́ 200, tó sún mọ́ góńgó ọkàn ọ̀dọ́ tó ń sáré àsápajúdé. Bí ìbòmú bá wà lẹ́nu ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò, ìka ló máa ń nà sí nọ́ńbà lára pátákó: 13, ó le díẹ̀, 17, ó le gan-an. Nígbà tó yá, Borg ṣe òmíràn tó parí sí 10, èyí tí Carl Foster ní Amẹ́ríkà ń fi iye ìṣẹ́jú sọ di púpọ̀: 5 fún ìṣẹ́jú 30 jẹ́ 150.

Ṣùgbọ́n ènìyàn méjì lè nàka sí 17, kí ọ̀kan padà wá lọ́la, kí èkejì gbé bàtà rẹ̀ kọ́. Ohun tó yà wọ́n kò sí lára pátákó yẹn. Ní 2009, Michael Treadway àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn ènìyàn yàn: kí wọ́n tẹ bọ́tìnì nígbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 7 kí wọ́n lè jẹ dọ́là 1, tàbí kí wọ́n fi ọmọńdinrín ọwọ́ tí wọn kì í sábà lò tẹ̀ ẹ́ nígbà 100 láàárín 21, fún owó tó lè tó dọ́là 4.30. Àtakò kan lágbára níbẹ̀: iye tí ènìyàn máa gbà kó tó jìyà ni èyí ń wọ̀n, kò sọ bóyá ìyà náà dùn mọ́ ọn. Boris Cheval, Matthieu Boisgontier àti àwọn mìíràn gba ọ̀nà ìbéèrè. Wọ́n ń bi ènìyàn lọ́tọ̀ nípa ohun tó ń fà á sídìí làálàá, àti lọ́tọ̀ nípa ohun tó ń lé e sá, torí méjèèjì lè wà nínú ẹnì kan ṣoṣo. Ẹnu lásán kọ́ nìyẹn bí? Ẹnu lè ṣe fọ́ńté lóòótọ́, àmọ́ ìfẹ́ inú kò ní ìlùkìkì tí ẹ̀rọ lè kà. Kí a fi ìṣe olúwarẹ̀ yẹ ìdáhùn rẹ̀ wò ló kù.

Clark Hull kọ ní 1943 pé bí èrè bá dọ́gba, ọ̀nà tí wàhálà rẹ̀ kéré ni ẹ̀dá máa tọ̀. Michael Inzlicht àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní 2018 pé làálàá fúnra rẹ̀ lè níyì lójú ẹni tó ń ṣe é. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n bóyá làálàá ni asáré fẹ́ràn tàbí ìtura tó ń tẹ̀lé e, àwọn olùwádìí kò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀.

Òṣùwọ̀n Borg ni wọ́n ń lò nílé ìwòsàn, pàápàá fún àwọn tó ń gbádùn bọ̀ lẹ́yìn àìsàn ọkàn. Àwọn òṣùwọ̀n iyì kò tíì fi bẹ́ẹ̀ jáde kúrò ní yàrá ìwádìí.