Owó Ìtanràn Àti Ẹnubodè

Ní 1893, ìgbìmọ̀ adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù tún fi ìdí ìlànà àtijọ́ kan múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Huntington àti Attrill: ilé-ẹjọ́ orílẹ̀-èdè kan kì í bá òmíràn gba owó ìtanràn. Nàìjíríà jogún ìlànà náà. Òfin 1960 tó jẹ́ kí ilé-ẹjọ́ wa lè mú ìdájọ́ òkèèrè ṣẹ yọ owó ìtanràn sílẹ̀ gedegbe.

Láàárín 1994 sí 2004, ilé-iṣẹ́ KBR, tó bọ́ sábẹ́ Halliburton láàárín àkókò náà, àti àwọn alájọṣe rẹ̀ fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ gba iṣẹ́ gáàsì ní Bonny. Ní 2009, KBR àti Halliburton gbà láti san 579 mílíọ̀nù dọ́là. Àpò ìjọba Amẹ́ríkà ló wọ̀. Ní oṣù Kejìlá 2010, EFCC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà jẹgúdújẹrá ní Nàìjíríà, pe ẹjọ́ tirẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, Halliburton fara mọ́ 35 mílíọ̀nù dọ́là, EFCC sì fa ẹ̀sùn yọ.

Ní 2011, NCC, àjọ tó ń ṣàbójútó iṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà, ṣòfin ìforúkọsílẹ̀ síìmù. Láti Iyere àti Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó dé Èkó, oníbàárà ń tẹ ìka sórí ẹ̀rọ kékeré kí láìnì rẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án 2015, àwọn ajínigbé gbé àgbà olóṣèlú, Olóyè Olú Fálaè, lóko rẹ̀ nítòsí Àkúrẹ́, ìròyìn sì gbòde pé láìnì MTN, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ti Gúúsù Áfíríkà, ni wọ́n fi ń dúnàádúrà. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, NCC bu ìtanràn lé MTN torí síìmù tí wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe yẹ: 200,000 náírà lórí síìmù kọ̀ọ̀kan, síìmù 5.2 mílíọ̀nù, àròpọ̀ rẹ̀ 1.04 tírílíọ̀nù náírà. Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà ní Johannesburg, Sifiso Dabengwa, fipò sílẹ̀. MTN pẹjọ́ ní Èkó, ó fà á yọ. Ní oṣù Kẹfà 2016, wọ́n fẹnu kò sí 330 bílíọ̀nù náírà, MTN sì san án tán ní 2019. Kò sí adájọ́ Gúúsù Áfíríkà tó dá sí i: òpó, ìwé àṣẹ àti oníbàárà MTN wà ní Nàìjíríà.

Ní oṣù Keje 2024, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, bu ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta lórí bí WhatsApp rẹ̀ ṣe ń lo ìsọfúnni àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin 2025, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà fọwọ́ sí i, ó sì fún Meta ní ọgọ́ta ọjọ́ láti san án. Meta sọ nílé-ẹjọ́ pé àṣẹ àwọn àjọ Nàìjíríà lè mú òun ti Facebook àti Instagram pa níbí. Ìlànà 1893 kò yẹ̀. Meta kò sì ní òpó tí ìjọba lè dì mú bíi ti MTN. Ọjà àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń lò ó lójoojúmọ́ ni ìjọba ní lọ́wọ́.