Láti ECN dé Sọ́kẹ́ẹ̀tì Aláago: Ọwọ́ Ta ni Súwíìṣì Wà?

Kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni Ìkẹjà àti Agége wà. Ìjọba yẹn ló ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Ìkẹjà. Guinness náà wá ń pọn ọtí níbẹ̀. ECN, tí òfin ọdún 1950 dá sílẹ̀, ló ń pín iná mànàmáná nígbà náà.

Ní 1972, ìjọba ológun pa ECN pọ̀ mọ́ àjọ tó ń bójú tó ìsédò Kainji, wọ́n sì sọ ọ́ di NEPA. Kò pẹ́ tí iná fi di àlejò tí kì í sọ ìgbà tí yóò dé, tí kì í sì í dágbére. Súwíìṣì wà lára ògiri wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó wà. Nínú ilé tí kò ní mítà, owó tí wọ́n bá fojú díwọ̀n ni à ń san, yálà a pa gílóòbù tàbí a kò pa á. Bí títan gbogbo nǹkan sílẹ̀ ṣe di àṣà nìyẹn. Gílóòbù tó tàn lóru ló ń jí onílé pé iná ti dé, kí ó dìde lọ fa omi, kí ó sì lọ aṣọ. Kì í ṣe ìwà ìnáàkúnàá. Ọgbọ́n ìgbà náà ni.

Ìgbà ti yí padà. PHCN rọ́pò NEPA ní 2005. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba fa iṣẹ́ pínpín iná lé aládàáni lọ́wọ́. Ikeja Electric ló kan agbègbè wa. Mítà tí à ń san owó rẹ̀ ṣáájú wọ ilé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A, tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lóòjọ́ fún, láti bíi ₦68 sí ₦225 fún yúníìtì kan. Ó ti yí díẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò padà sí ti àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ ní iye ọjọ́ náà: ẹ̀rọ ìfami oní-wáàtì 750 tí a gbàgbé fún wákàtí 2 yóò jẹ yúníìtì 1.5, èyí tí í ṣe ₦337.50. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ó ju ₦10,000 lọ lóṣù.

Ibí ni sọ́kẹ́ẹ̀tì aláago àti èyí tí fóònù ń darí ti wúlò, nítorí wọ́n lè pa ẹ̀rọ fúnra wọn lásìkò. Ṣùgbọ́n ibi tí iná kì í ti í ṣẹ́jú ni wọ́n bá mu jù. Sọ́kẹ́ẹ̀tì aláago tí a ń fọwọ́ yí sábà máa ń wà láìní bátìrì. Bí iná bá lọ fún wákàtí 3, agogo rẹ̀ yóò dúró. Ẹ̀rọ tó yẹ kí ó kú ní aago 6 yóò máa ṣiṣẹ́ títí di aago 9. Èyí tó ní bátìrì kékeré nínú ló sàn fún wa. Ní ti èyí tí fóònù ń darí, ẹ wá irú èyí tí a lè pàṣẹ fún pé kí ó wà ní pípa nígbà tí iná bá padà dé.

Ní Computer Village, iye áńpù ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ tó béèrè iye owó. Áńpù 10 lórí iná volt 230 kò gbọdọ̀ gbé ju wáàtì 2,300 lọ. Ẹ̀rọ ìfami sì máa ń fa iná púpọ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, nítorí náà ẹ fi àyè sílẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rọ amúlétutù ńlá, ti oníṣẹ́ iná ni. Áyọ́ọ̀nù àti sítóòfù iná kò yẹ lórí aago rárá: ohun tó ń jóni kò gbọdọ̀ tàn láìsí ẹni nílé.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì kò lè mú iná wá. Iṣẹ́ ẹni tó gba owó wa nìyẹn, a kò sì gbọdọ̀ dẹ́kun bíbéèrè rẹ̀. Àmọ́ pípa iná tó bá dé ti di iṣẹ́ onílé báyìí. Gílóòbù tó ń tàn títí ilẹ̀ fi ń mọ́ jẹ́ ogún tí a jẹ láti ìgbà NEPA. Mítà òde òní kò sì mọ̀ pé ogún ni.