Ìtàn IBAN, Nọ́ńbà Àkáǹtì Tó Ń Ré Ẹnubodè Kọjá

IBAN ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá àkáǹtì mọ̀ nígbà tí owó bá ń ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn. Ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti pilẹ̀ rẹ̀. Kó tó dé, bó ṣe wu orílẹ̀-èdè kálukú ló ń to nọ́ńbà tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ báǹkì ní Faransé kò lè wo nọ́ńbà àkáǹtì ará Jámánì kó mọ̀ bóyá ó pé. Bí nọ́ńbà kan bá ṣì, owó á há sójú ọ̀nà.

Láti 1973 ni àwọn báǹkì ti dá àjọ SWIFT sílẹ̀ ní Belgium kí wọ́n lè máa ránṣẹ́ síra wọn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà àkáǹtì ò tíì bára mu. Ní 1997 ni ISO, àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún gbogbo ayé, gbé ìlànà ISO 13616 jáde, òun ló bí IBAN.

Lẹ́tà méjì ló ń ṣíwájú, tó ń sọ orílẹ̀-èdè: DE fún Jámánì, BR fún Brazil. Nọ́ńbà ìdánwò méjì ló tẹ̀ lé e, kó tó kan ti báǹkì àti àkáǹtì. Àpapọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀ kì í ju 34 lọ. Ti Norway jẹ́ 15, ti Jámánì 22.

Nọ́ńbà ìdánwò yìí gan-an ni ọgbọ́n ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà á gbé mẹ́rin àkọ́kọ́ sẹ́yìn, á sọ lẹ́tà di nọ́ńbà, A di 10, Z di 35, á wá fi 97 pín in. Bó bá ṣẹ́ ku 1, ó pé. Ẹni tó bá ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀, àṣírí á tú kí owó tó lọ. Ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò mọ ẹni tó ni àkáǹtì. Nọ́ńbà oníjìbìtì náà lè pé.

Ètò SEPA, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 fún owó yúrò, ló sọ IBAN di dandan. Nígbà tó fi di 2014, kódà láàrin ìlú kan náà, òun ni wọ́n ń lò.

Nàìjíríà kò sí nínú ètò IBAN, bẹ́ẹ̀ ni Amẹ́ríkà. NUBAN oní-nọ́ńbà 10, tí Báǹkì Àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 2010, ni tiwa. Bí ọmọ yín ní London bá fẹ́ fowó ránṣẹ́, ẹ fún un ní NUBAN yín, kóòdù SWIFT báǹkì yín, àti orúkọ yín bó ṣe wà lórí àkáǹtì. Ẹni tó bá ní òun yóò gbowó bá yín ṣe IBAN Nàìjíríà, ẹ sá fún un.