Orísun Fọ́tò Ojú Páálí Àwo Orin Nílẹ̀ Yorùbá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé olórin Fẹlá Kútì àti ayàwòrán Lemi Ghariokwu ló sọ páálí àwo orin di ohun àjogúnbá ní Nàìjíríà. "Alagbon Close" ti ọdún 1974, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Lemi ṣe fún Fẹlá, ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí. Ìtàn náà kò péye. Ọwọ́ ni Lemi fi ń yàwòrán tirẹ̀, ẹ̀fẹ̀ àti àtakò sí ìjọba ló sì fi í ṣe. Ṣáájú rẹ̀ ni fọ́tò ti gba ojú páálí, títí dé orí páálí Fẹlá fúnra rẹ̀, irú bíi "Shakara" ti ọdún 1972.

Ilẹ̀ òkèèrè ni páálí ti wá lóòótọ́. Nǹkan bí ọdún 1940 ni Alex Steinweiss bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán sára páálí àwo fún ilé iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí àwo ńlá tó ń pẹ́ lórí ẹ̀rọ jáde lọ́dún 1948, ó ní páálí tó fẹ̀ tó láti gba fọ́tò dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn ṣe ń dúró tàbí jókòó nínú fọ́tò ọ̀hún, ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Kí ọ̀rúndún 19 tó parí ni àwọn ayafọ́tò adúláwọ̀ bíi Neils Walwin Holm ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Iṣẹ́ náà tàn dé àwọn ìlú mìíràn. Nínú àpilẹ̀kọ tí olùwádìí Stephen Sprague tẹ̀ jáde lọ́dún 1978, lẹ́yìn ìwádìí tó ṣe ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó ṣàlàyé bí àgbà Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò: á wọ aṣọ iyì, á jókòó ṣinṣin, á gbé ọwọ́ lé itan, á sì kọjú sí kámẹ́rà gan-an.

Ìlànà yìí ló hàn lórí ọ̀pọ̀ páálí àpàlà, sákárà àti jùjú. Agbádá ni olórin wọ̀, fìlà wà lórí, ojú rẹ̀ sì ń wo ẹni tó ń wò ó. Ti Francis Wolff, ayafọ́tò ilé iṣẹ́ Blue Note ní Amẹ́ríkà, yàtọ̀: ẹnu iṣẹ́ ló ti sábà máa ń ká olórin jáàsì mọ́, tí onítọ̀hún kò tilẹ̀ wo kámẹ́rà. Ká ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ni àwọn olórin Yorùbá ti kọ́ ọ, irú ìdúró bẹ́ẹ̀ ni ìbá gbilẹ̀. Àwọn olórin háíláìfù kan tẹ̀ lé òkèèrè, wọ́n wọ kóòtù. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò borí tilé.

Àǹfààní fọ́tò ojú páálí hàn gbangba lára ewì alohùn. Ògúndáre Fọ́yánmu, oníjàálá Ògbómọ̀ṣọ́, gbé ìjálá rẹ̀ sórí àwo, ohùn rẹ̀ sì dé ilé àwọn tí kò bá a pàdé rí. Fún irú olùgbọ́ bẹ́ẹ̀, fọ́tò ojú páálí ló ń fi ẹni tó ni ohùn hàn. Irú páálí bẹ́ẹ̀ ló tọ́jú aṣọ, ilà ojú àti ìlù ìgbà náà. Lemi fi kún àṣà yìí, ó sì fi kún un púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ayafọ́tò ìlú ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀.