Ta Ló Di Hándù Mú? Ìtàn Bí Mílìn Ṣe Bọ́ Sọ́wọ́ Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀gbà ọwọ́ kan wà tí àwọn agbẹ́ eyín erin ní Ọ̀wọ̀ máa ń ṣe láyé àtijọ́. Bí ẹ bá kọ́kọ́ rí i, ẹ ó rò pé ẹyọ kan ni. Ìgbà tí ẹ bá tún un wò dáadáa lẹ ó rí i pé méjì ni: ọ̀kan wà nínú ìkejì, wọ́n há mọ́ ara wọn, wọn ò sì ṣe é yọ. Inú eyín erin kan ṣoṣo ni wọ́n ti gbẹ́ méjèèjì jáde. Irú rẹ̀ wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ní láti ti ọ̀bẹ gba ojú ihò tó wà lára ti òde wọlé, kó máa gé ti inú kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ṣi ọ̀bẹ gbé lẹ́ẹ̀kan péré, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló mọ ibi tó yẹ kí ọ̀bẹ dúró.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí la fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n ojú irin la máa gbà. Èdè Yorùbá là ń kọ́ ní yunifásítì, ẹ lè bi wá pé kí ló kàn wá nínú irin. Ẹ ní sùúrù fún wa. Ẹ̀rọ tí a fẹ́ pìtàn rẹ̀, mílìn ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe èyí tí àwọn ìyá wa ń gbé ata lọ bá o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni àwọn Òyìnbó fi ń pe méjèèjì. Irin ni mílìn tiwa yìí ń gé. Wọ́n á de irin mọ́ orí tábìlì kékeré kan lára ẹ̀rọ náà, ọ̀bẹ olójú púpọ̀ á sì máa yí bíríbírí lókè rẹ̀. Hándù mẹ́ta ló ní. Tí a bá yí ọ̀kan, tábìlì á lọ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Tí a bá yí ìkejì, á lọ síwájú tàbí sẹ́yìn. Ẹ̀kẹta ló ń gbé ọ̀bẹ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ẹni tó bá mọ hándù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí dáadáa ló mọ iṣẹ́ náà.

Kékeré rẹ̀ wà tó ṣe é gbé ka orí tábìlì nínú ilé. Ó ti tó ogún ọdún ó lé báyìí tí àwọn ènìyàn kan ní oríṣiríṣi ìlú ti ń ra mílìn kékeré yìí, tí wọ́n ń yọ hándù rẹ̀ kúrò, tí wọ́n ń fi mọ́tọ̀ oníná sí ipò rẹ̀, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa darí mọ́tọ̀ náà. Àwọn kan ń fojú ọgbọ́n tálákà wo irú iṣẹ́ yìí: ẹni tí kò lágbára láti ra ojúlówó ẹ̀rọ oní-kọ̀ǹpútà ló ń fi ògbólógbòó ṣe é. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá tú ìtàn ẹ̀rọ náà wò délẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tí wọ́n so mọ́tọ̀ mọ́ ni àkọ́kọ́ gan-an jẹ́.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John T. Parsons ń ṣe abẹ̀bẹ̀ tó ń yí lórí hẹlikópítà, ní ìlú Traverse City ní ìpínlẹ̀ Michigan. Abẹ̀bẹ̀ yẹn kì í ṣe pẹlẹbẹ bí ẹ ti ń rò ó; ó rọra wú níbì kan, ó rọra tẹ̀ níbòmíràn, bí wíwú rẹ̀ kò bá sì rí bó ṣe yẹ, hẹlikópítà ò ní fò dáadáa. Wọ́n ní láti gé pátákó irin tí wọ́n á máa fi wọn bí abẹ̀bẹ̀ ṣe tẹ̀. Àmì mẹ́tàdínlógún péré ni wọ́n fún un lórí ìwé, òun ni kó mọ bí yóò ṣe so wọ́n pọ̀. Ẹnjiníà tó gbà síṣẹ́, Frank Stulen, ló dá a lábàá pé kí wọ́n lo ẹ̀rọ oníkáàdì IBM, èyí tí àwọn aṣírò owó máa ń lò. Wọ́n fi í ṣírò àmì náà títí ó fi di bí 200.

Wàyí o, ta ló máa gé àmì 200? Ohun tí wọ́n ṣe ló dùn mọ́ wa jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Èèyàn mẹ́ta ni wọ́n fi sídìí mílìn kan. Ẹnì kan mú ìwé nọ́ńbà dání, ó ń kà á sókè. Ẹnì kejì di hándù ọ̀tún-àti-òsì mú, ẹnì kẹta di ti iwájú-àti-ẹ̀yìn mú. Bí ti àkọ́kọ́ bá ti pe nọ́ńbà, àwọn méjì yòókù á yí hándù dé ibẹ̀, ọ̀bẹ á gé, ó di òmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti jókòó nínú kíláàsì lítíréṣọ̀ alohùn rí, ǹjẹ́ ẹ ò rí lílé àti ègbè níbẹ̀? Ibi tí Parsons ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nìyẹn: bó bá jẹ́ pé nọ́ńbà làwọn méjì yìí ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, kí ló dé tí ẹ̀rọ kò ní lè gbọ́ ọ fúnra rẹ̀?

Ní ọdún 1949, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ náà fún un. Òun náà wá lọ bá àwọn onímọ̀ ní MIT, ní ilé ìwádìí wọn tó ń jẹ́ Servomechanisms Laboratory, kí wọ́n wá bá òun ṣe mọ́tọ̀ tó máa gbọ́ nọ́ńbà. Ó ń fẹ́ olùrànlọ́wọ́, àṣé ẹni tó máa gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ló pè. Kò pẹ́ tí àwọn ará MIT fi gba iwájú, tí Parsons sì di ará ẹ̀yìn nínú èrò tó jẹ́ tirẹ̀. Ìwé àṣẹ tó fi hàn pé òun àti Stulen ló ni ọgbọ́n náà jáde ní ọdún 1958, àmì ẹ̀yẹ ìjọba Amẹ́ríkà kò sì kàn án títí di 1985.

Kí ni MIT wá ṣe? Wọn ò rọ ẹ̀rọ tuntun. Mílìn ńlá kan tó ń jẹ́ Hydro-Tel, iṣẹ́ ọwọ́ iléeṣẹ́ Cincinnati, ni wọ́n mú. Wọ́n fi jíà sí ibi hándù rẹ̀, wọ́n fi ṣéènì so jíà náà mọ́ mọ́tọ̀ mẹ́ta, mọ́tọ̀ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ṣéènì o, bíi ti kẹ̀kẹ́! Nọ́ńbà wà lórí tépù tí wọ́n lu ihò sí lára. Ihò tó bá wà níbí sọ fún mọ́tọ̀ pé kó yí, èyí tó wà lọ́hùn-ún sọ pé kó dúró. Ohun tó ń ka tépù náà tó sì ń pàṣẹ fún mọ́tọ̀ gba àpótí márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi tó fìríìjì, gílóòbù tó wà nínú wọn lé ní 200. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1952 ni wọ́n fi han aráyé. Owó tí ìjọba san lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀kẹ́ méjìdínlógún dọ́là, ìyẹn 360,000. Ẹni tó ń yọ hándù mílìn kékeré lónìí nínú yàrá rẹ̀, ohun tí MIT ṣe náà ló ń ṣe, àfi pé tirẹ̀ kò gba àpótí márùn-ún.

Ọ̀nà mìíràn wà láyé ìgbà náà tí kò gbajúmọ̀ mọ́. Láàárín 1946 sí 1947, iléeṣẹ́ General Electric dán ẹ̀rọ kan wò tó máa ń wo ọwọ́ ọ̀gá oníṣẹ́. Ọ̀gá á yí hándù bó ṣe mọ̀ ọ́n yí, ẹ̀rọ á gba gbogbo ìyíkiri ọwọ́ rẹ̀ sórí tépù bí ìgbà tí a bá gba ohùn orin sílẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á tan tépù, ẹ̀rọ á sì gé irin bí ọ̀gá ṣe gé e. Òǹkọ̀wé Kurt Vonnegut ṣiṣẹ́ ní General Electric lẹ́yìn ogun, ó sì sọ nígbà tó yá pé mílìn kan tó ń dá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló mú òun kọ ìwé Player Piano tó jáde ní 1952.

Ọgbọ́n tí ń wo ọwọ́ ọ̀gá yìí kò rọ́wọ́ mú. Òpìtàn David Noble kọ odindi ìwé kan, Forces of Production, ní 1984 lórí ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ó ní kì í ṣe pé ti nọ́ńbà sàn jù nìkan. Àwọn aláṣẹ iléeṣẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó gba ìmọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ, ó gbé e fún ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì. Bí ọ̀gá bá ṣì wà lórí tépù, ọ̀gá lè bínú, ó sì lè béèrè owó sí i. Nọ́ńbà kì í bínú. A gba ọ̀rọ̀ Noble yìí dé àyè kan. Ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ Parsons kò sí nínú ọwọ́ ọ̀gá kankan. A ò lè gba ohun tí ọwọ́ kò gé rí sílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ọ̀wọ̀ díẹ̀. Àwọn agbẹ́ eyín erin wa kò ní tépù. Ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀, ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n gbé e sí, bí ọmọ iṣẹ́ kò bá sì sí, ó parí síbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń jiyàn títí dòní lórí àwọn eyín erin kan, bóyá Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ wọn tàbí Benin, torí iṣẹ́ ìlú méjèèjì jọra púpọ̀. Ká ní ìyíkiri ọwọ́ wà nílẹ̀, à bá mọ̀.

Bí ti nọ́ńbà ṣe wá dé inú ilé kò gùn. Kọ̀ǹpútà kéré sí i, ó sì wọ́n kù sí i. Láàárín 1990 sí 2000, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwọ̀n, NIST, kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó lè darí mílìn, wọn ò sì tì í mọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn èèyàn gbà á, wọ́n tún un ṣe, òun ló di LinuxCNC. Ní 2005, pátákó kékeré Arduino jáde ní ìlú Ivrea ní Ítálì. Ní 2009, ará Norway kan, Simen Svale Skogsrud, kọ grbl, ètò tó kéré débi pé ó wọ inú Arduino. Àpótí márùn-ún ti MIT ti di ohun tí àtẹ́lẹwọ́ gbà.

Mọ́tọ̀ tí wọ́n sábà ń lò, stepper ni wọ́n ń pè é. Kì í yí lọ rabidun bíi ti fáànù; ìṣísẹ̀ ni ó ń gbé, 200 ìṣísẹ̀ kó tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Bí sukúrù tó so mọ́ ọn bá ń ti tábìlì lọ ní mílímítà 5 nígbà tó bá yí ẹ̀ẹ̀kan, ìṣísẹ̀ kan jẹ́ mílímítà 0.025, ìdá kan nínú ogójì. Ó dùn-ún gbọ́, àbí? Ibi tí wàhálà wà ni àlàfo tó máa ń wà láàárín sukúrù àti nọ́ọ̀tì rẹ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní pléè. Tí a bá ń yí hándù sọ́tùn-ún tí a wá yí i padà sósì, hándù á kọ́kọ́ yí lásán kí tábìlì tó mira. Ọwọ́ máa ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọṣẹ́ á ti fà á kọjá díẹ̀, á wá bá a láti apá kan náà nígbà gbogbo, kò tiẹ̀ ní rántí pé òun ń ṣe é. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀. Ó ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ pé, ó sì gbà pé tábìlì ti dé, nígbà tí tábìlì ṣì wà níbi tó wà. Ohun tí a bá gé láti jẹ́ róbótó á wá rí gbágungbàgun. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń yọ sukúrù àtijọ́ kúrò, tí wọ́n ń fi èyí tó ní bọ́ọ̀lù irin nínú nọ́ọ̀tì rẹ̀ sí i.

Nàìjíríà náà gbìyànjú láti ní ẹ̀rọ tó ń bí ẹ̀rọ. Ní 1980 ìjọba àpapọ̀ dá Nigeria Machine Tools sílẹ̀ ní Òṣogbo, pẹ̀lú iléeṣẹ́ HMT ti orílẹ̀-èdè Íńdíà. Ní Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀, polí tó ti wà láti 1979, tó ń jẹ́ Rufus Giwa Polytechnic báyìí, ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ẹnjiníà ẹ̀rọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbé mílìn kékeré kan sí yàrá rẹ̀ tó sì fi mọ́tọ̀ sí i, òun ni yóò kọ nọ́ńbà, òun ni yóò de irin, òun náà ni yóò gbọ́ bí ọ̀bẹ bá ń dún lọ́nà tí kò yẹ. Ẹni tó wà ní ọ́fíìsì àti ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ti padà di ẹnì kan. Noble kò sọ̀rọ̀ débí, ṣùgbọ́n a rò pé ohun tó dára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Ìṣòro iná wà o. Mílìn MIT ní ohun tó ń sọ fún un ibi tí tábìlì dé; ọ̀pọ̀ stepper inú ilé kò ní. Bí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, ọ̀bẹ á dúró sínú irin, kọ̀ǹpútà á gbàgbé ibi tó wà, bí iná bá sì dé, ẹni náà ní láti dá a padà sí ibi ìbẹ̀rẹ̀ kó tún wọ̀n ọ́n. Nítorí náà, àwọn kan máa ń ra mọ́tọ̀ tí irin àárín rẹ̀ yọ lápá méjì. Apá kan so mọ́ sukúrù, wọ́n á dá hándù àtijọ́ padà sí apá kejì. Bí iná bá lọ, wọ́n á fi ọwọ́ yí i, wọ́n á yọ ọ̀bẹ kúrò nínú irin jẹ́jẹ́, wọ́n á sì dúró de iná.