Kédárì-Ilẹ̀

Kédárì-ilẹ̀ jẹ́ ewéko kékeré tí ń fà nílẹ̀ nínú igbó ìlà-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà, láti Kánádà títí dé Georgia àti Alabama. Diphasiastrum digitatum ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko. Àwọn ará ibẹ̀ fi í wé igi kédárì nítorí pé ẹ̀ka rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti kédárì. Àwọn mìíràn kà á mọ́ mọ́ọ̀sì, ohun tútù rírọ̀ tí ń bo òkúta etídò àti ara ògiri tí òjò ń pa. Àṣìpè ni méjèèjì. Kì í ṣe igi. Mọ́ọ̀sì kò sì ní gbòǹgbò gidi, èyí ní in. Kì í tanná, kì í so èso, kò ní kóró. Iyẹ̀ lẹ́búlẹ́bú ni ó fi ń bí sí i, bí ọmu ṣe ń ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ dá a mọ̀, ìgbà òtútù ni kí ó wọ igbó. Igi óákù á ti wọ́wé tán, ewé gbígbẹ á ti bo ilẹ̀, kédárì-ilẹ̀ á sì máa tutù yọ̀yọ̀ láàárín wọn. Abẹ́ igi páìnì ni ó wù ú jù, àti oko àtijọ́ tí wọ́n pa tì tí igbó sì tún gbà.

Ìsàlẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Kí a rọra gbá ewé gbígbẹ sẹ́yìn: a ó rí ìtàkùn rẹ̀ tó nà lọ gbọọrọ lórí ilẹ̀, tí ń ta gbòǹgbò bó ṣe ń lọ, bíi ti ọ̀dùnkún. Lára rẹ̀ ni àwọn ẹ̀ka ti dìde. Wọn kì í sábà ga dé orúnkún àgbà, wọ́n sì tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀. Ewé rẹ̀ kéré bí ìpẹ́ ẹja, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka ní ìlà mẹ́rin, ti abẹ́ ló sì kéré jù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Ìbátan rẹ̀ kan wà tí ń jẹ́ Diphasiastrum complanatum, ará ìhà àríwá ni. Ẹ̀ka tirẹ̀ ń há lọ́rùn níbi tí ìdàgbà ọdún kan ti parí kí ti òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, bí ẹni fi òwú dì í níbẹ̀. Ẹ̀ka kédárì-ilẹ̀ kò ní irú ọrùn bẹ́ẹ̀. Àwọn ìwé àtijọ́ da àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ra; ọdún 1975 ni Josef Holub kó wọn sínú ìdílé Diphasiastrum tí wọ́n wà lónìí. Ìkẹta wọn, Diphasiastrum tristachyum, ní àwọ̀ aró tó ṣì funfun díẹ̀, ìtàkùn tó fi ń fà sì jìn sínú ilẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ bá ń lọ sópin ni ṣírí tó ń tọ́jú iyẹ̀ rẹ̀ sí máa ń gbó. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan á gùn jáde lórí ẹ̀ka, ṣírí méjì sí mẹ́rin á dúró ṣánṣán lórí rẹ̀ bí ọ̀pá fìtílà. Orúkọ digitatum túmọ̀ sí ohun tó ní ìka. Dendrolycopodium obscurum tí òun náà ń gbé irú igbó yìí kò ní ọ̀pá: orí ẹ̀ka gan-an ni ṣírí rẹ̀ ń jókòó sí, gbogbo ara rẹ̀ sì dà bí igi páìnì kékeré. Huperzia lucidula kò tilẹ̀ ní ṣírí rárá, abíyá ewé ni ó ń tọ́jú iyẹ̀ rẹ̀ sí.

Bí a bá gbọn ṣírí tó gbó, iyẹ̀ á tú jáde bí ìyẹ̀ròsùn orí ọpọ́n babaláwo. Iyẹ̀ àwọn ẹbí yìí kì í gba omi, ó sì ń gbaná lójijì bí a bá fọ́n ọn sínú iná, èyí tó mú kí àwọn òṣèré orí ìtàgé àti àwọn ayàwòrán àtijọ́ máa fi dá mọ̀nàmọ́ná. Òun náà ni Chester Carlson wọ́n sórí àwo rẹ̀ ní New York ní ọjọ́ 22 oṣù Ọ̀wàrà 1938, nígbà tó ṣe ẹ̀dà àkọ́kọ́ irú èyí tí ẹ̀rọ fótókọ́pì ń ṣe lónìí.

Àwọn ẹbí rẹ̀ ayé àtijọ́ ga ju 30 mítà lọ. Lepidodendron wà lára wọn, òkú wọn ló sì di púpọ̀ nínú èédú ilẹ̀ tí wọ́n ń wà ní Pennsylvania.

Kédárì-ilẹ̀ ń pẹ́ kó tó hù. Iyẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀ á kọ́kọ́ gbé inú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìrí oòrùn, àwọn ẹbí olú inú ilẹ̀ ni yóò máa bọ́ ọ. Ìdí rèé tí igbó mìíràn fi ṣófo lẹ́yìn tí wọ́n fà á tu láti fi hun òdòdó Kérésìmesì. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ní Maryland tàbí Virginia, bí ẹ bá bá a pàdé nínú igbó, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì fi sílẹ̀ síbẹ̀.